Ènìyàn Méjì Nínú Idán Kan

Ẹ̀yin òǹwòran, bí a bá dárúkọ idán pípa nílẹ̀ Yorùbá, Professor Peller ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i ní 1941; àwọn apànìyàn sì dá ẹ̀mí rẹ̀ légbodò ní Èkó ní 1997. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń pidán. Lady Peller, ìyàwó rẹ̀, ni igbákejì rẹ̀ lórí ìtàgé.

Àwọn kan rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Èrò náà kò tọ̀nà. Ní London ní 1921, P. T. Selbit fi ayùn rẹ́ àpótí tí obìnrin wà nínú rẹ̀ sí méjì. Irú idán yìí, ọkùnrin tó ń fa ayùn ni gbogbo ojú ń wò. Obìnrin inú àpótí ni ó ń fi ọgbọ́n yẹra fún eyín ayùn nínú àyè tóóró. Bí ó bá ṣì í, àṣírí tú, eré sì lè di ewu.

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bí ẹ bá ń pàtẹ́wọ́ fún onídán, ẹ má gbàgbé ẹni inú àpótí.