Ajá Inú Bààlúù àti Ajá Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. Àwọn ará wa tó wà lókè òkun bá wa pé lórí Zoom.

Alága ní kí n má lò ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Màá gbìyànjú.

Ẹ ó rántí fídíò kan tí ẹnì kan fi sórí WhatsApp wa ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Bààlúù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èèyàn ni wọ́n kó sínú rẹ̀, ajá ni. Àgò lórí àgò, láti ẹ̀yìn awakọ̀ títí dé ìdí bààlúù. Ẹ̀rín pa wá. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Ajá ń wọ bààlúù, èmi ò rówó mọ́tò lọ sí Ìbàdàn." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Houston ló ní ká má fi ṣẹ̀rín, pé nígbà omíyalé ọdún 2017, ojú àwọn ni irú ẹ̀ ṣe. Wọ́n wá ní, "Alákòóso, ìwọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ẹran, ṣàlàyé fún wa." Ìdí tí mo fi dìde nìyẹn. Mo tún ní ọ̀rọ̀ ara mi kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ níwájú yín. Ó ń bọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, tí ajá bá sọnù, tàbí tí ẹni tó ni ín kú, tàbí tó kó lọ sílé tí onílé ò fẹ́ ajá, ilé kan wà tí wọ́n ń kó irú wọn sí. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ilé ìtọ́jú ẹran. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni òmíràn, ẹgbẹ́ aláàánú ló ni òmíràn. Kì í ṣe nǹkan àná. Ní London, Mary Tealby ló dá èyí tí wọ́n ń pè ní Battersea lónìí sílẹ̀ ní 1860. Ní 1866, Henry Bergh dá ẹgbẹ́ ASPCA sílẹ̀ ní New York. Iṣẹ́ ilé ìtọ́jú ni kó bọ́ ẹran, kó wá ẹni tó ni ín, tí kò bá rí onítọ̀hún, kó wá ẹlòmíràn tó máa mú un lọ sílé.

Àyè ni wàhálà wọn. Bí àgò bá kún, tí ajá mìíràn sì ń wọlé lójoojúmọ́, wọ́n máa ń gún àwọn kan lábẹ́rẹ́ tí wọn ò ní jí mọ́. Kí n má purọ́ fún yín, ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ títí dòní.

Ó wá burú ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè wọn, Texas, Louisiana, Mississippi, Alabama. Oòrùn ń mú níbẹ̀ bíi tiwa, ajá ń gùn, ó ń bímọ, kò sí ìgbà tí kì í ṣe. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ ajá lọ́dàá lówó pọ́ọ́kú ò tó. Ẹ wá lọ sókè lọ́hùn-ún, Massachusetts, Maine. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ ajá wọn lọ́dàá, òtútù ibẹ̀ náà kì í ṣeré, ọmọ ajá ò pọ̀. Èèyàn á wá ajá títí, kò ní rí irú èyí tó fẹ́. Ṣé ẹ rí i? Níbì kan wọ́n ń pa á torí àyè, níbòmíràn àgò ṣófo, àwọn èèyàn sì ń dúró dè é. Bí ilé ìhín àti ilé ọ̀hún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn ṣàdéhùn nìyẹn.

Ìjì Katrina ló la ojú ọ̀pọ̀ wọn. August 2005, omi ya wọ New Orleans. Àwọn kan kọ̀, wọn ò kúrò nílé, torí ọkọ̀ tó wá kó èèyàn ò gba ẹran, wọ́n sì ní àwọn ò lè fi ajá àwọn sílẹ̀. Àwọn mìíràn bá ọkọ̀ lọ, wọ́n rò pé ọjọ́ méjì mẹ́ta làwọn á padà. Àwọn tó wá gba ẹran là kó wọn, wọ́n pín wọn káàkiri ìpínlẹ̀. Ẹ̀mí là, ó dáa. Àmọ́ nígbà tí ẹni tó ni ajá fi máa padà, ajá rẹ̀ ti wà ní ìpínlẹ̀ tó jìnnà, lọ́wọ́ ẹni tó ti fún un lórúkọ tuntun, tí òun náà ti fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn kan gbé ara wọn lọ sí kóòtù lórí ẹ̀. Ní 2006 wọ́n ṣòfin pé ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ ran òun lọ́wọ́ nígbà àjálù gbọ́dọ̀ fi ajá àti ológbò sínú ètò tó fi ń kó èèyàn kúrò.

Nígbà tí ìjì Harvey wá dé Texas ní August 2017, ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá. Kì í ṣe ajá tí omi lé jáde ni wọ́n kọ́kọ́ kó sínú bààlúù. Àwọn tó ti wà nílé ìtọ́jú kí ìjì tó dé ni, àwọn tí kò lẹ́nìkan, tí wọ́n ti ń wá ilé fún tẹ́lẹ̀. Àwọn yẹn ni wọ́n kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Àgò wọn wá ṣófo. Inú àgò yẹn ni wọ́n kó àwọn tí omi lé jáde sí, nítòsí ilé, kí ẹni tó ni wọ́n lè rí wọn nígbà tó bá ń wá wọn kiri. Nígbà tí mo ka èyí, mo tún un kà. Èmi rò pé ajá ni wọ́n kàn ń kó sá fún omi. Àṣé ajá tí kò lẹ́nìkan ló ń ṣípò fún ajá tí ẹnì kan ń sunkún rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston, ó jọ pé ohun tí ojú yín ṣe nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an ńkọ́? Ilé tó ń fi ajá ránṣẹ́ àti ilé tó máa gbà á á kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé. Ta ló máa sanwó abẹ́rẹ́? Ta ló máa ra epo? Tí ajá bá ṣàìsàn lójú ọ̀nà, ọrùn ta ló wà? Tí ìwà rẹ̀ ò bá bá ibi tó lọ mu, ṣé wọ́n lè dá a padà? Dókítà ẹran á yẹ̀ ẹ́ wò, á kọ ìwé ìlera fún un, torí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ò ní gbà á wọlé láìsí ìwé yẹn. Èyí tó bá ti tó ọjọ́ orí gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Wọ́n tún máa ń fi ẹ̀rọ bíńtín kan, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, sábẹ́ awọ rẹ̀, nọ́ńbà wà nínú ẹ̀, kó má bàa di pé ó sọnù tí wọn ò mọ ilé ẹ̀. Ní Massachusetts, ajá tó bá ti ìpínlẹ̀ mìíràn wọlé sí ilé ìtọ́jú á dá wà ní yàrá ọ̀tọ̀ fún wákàtí 48, dókítà á tún un yẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni tó mú un lọ sílé.

Bààlúù la rí nínú fídíò, ṣùgbọ́n mọ́tò náà ń ṣiṣẹ́ gan-an. Awakọ̀ kan á gbé wọn dé ibì kan, òmíràn á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn tó ní bààlúù kékeré tiwọn náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 2008, Pilots N Paws, wọ́n ń fi epo ara wọn gbé ajá. Ní 2022, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n kó ajá beagle bí 4,000 kúrò ní ibì kan ní Virginia tí wọ́n ti ń sìn wọ́n fún àyẹ̀wò. Ilé wo ló fẹ́ gba 4,000 ajá lẹ́ẹ̀kan? Ilé tó ju 100 lọ ló pín wọn gbà, ó sì tó bí oṣù méjì kí wọ́n tó kó wọn tán.

Àwọn kan wà tí inú wọn ò dùn sí gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní tí ẹ bá ń kó ajá gúúsù lọ sí àríwá lójoojúmọ́, tí ẹ ò tẹ àwọn tó kù lọ́dàá, apẹ̀rẹ̀ lẹ fi ń pọn omi. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé kan ní àríwá fi ń fowó ran ti gúúsù lọ́wọ́ kí wọ́n lè tẹ ajá lọ́dàá níbẹ̀.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí ni ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé ajá kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ti bu èèyàn jẹ rí? Ṣé ó gba ọmọdé mọ́ra? Ṣé ó ń jà nídìí oúnjẹ? Àìsàn wo ló ti ṣe é? Lẹ́yìn Katrina, ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n kó lọ sókè ló ní aràn inú ọkàn, èyí tí ẹ̀fọn ń gbé kiri bó ṣe ń gbé ibà. Ẹni tó ń gba ajá fẹ́ mọ̀. Kì í ṣe pé kò ní gbà á o. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń gbé wọlé ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ajá ilé wa, Bíńgò, bu ọmọ aládùúgbò wa jẹ lẹ́sẹ̀. Kò jinlẹ̀. A tọ́jú ọmọ, a bẹ ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Màámi ní ajá náà gbọ́dọ̀ kúrò nílé. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á pa á. Mo pe àǹtí mi kan ní ìlú tó pààlà pẹ̀lú wa, mo ní, "Àǹtí, ajá kan wà tó mọ ilé í ṣọ́." Wọ́n ní ṣé kò níwàkiwà kankan? Mo ní, "Rárá o, ajá jẹ́jẹ́ ni." Ẹ gbọ́ o, mo ti ń kọ́ṣẹ́ dókítà ẹran nígbà yẹn. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bíńgò bu ọmọ wọn tó kéré jù jẹ lápá. Ọmọ ọdún márùn-ún. Orí fóònù ni mo wà tí mò ń pariwo pé kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n má dáwọ́ dúró. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e lọ, kò sí abẹ́rẹ́. Ìkejì ní in, owó tí àǹtí mi fẹ́ fi rajà ló bá a lọ. A so Bíńgò mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 10, à ń wò ó, torí ajá tí dìgbòlugi bá ti wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó bu èèyàn jẹ, àìsàn á hàn lára ẹ̀ láàárín ọjọ́ yẹn, tàbí kó kú. Mi ò sùn dáadáa ní òru kankan nínú ọjọ́ 10 yẹn. Ọlọ́run ṣàánú wa, nǹkan kan ò ṣe ajá. Ara ọmọ náà yá. Àǹtí mi ò gbé ìpè mi fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tí wọ́n sọ fún màámi ni pé, "Kì í ṣe ajá ló bu ọmọ mi jẹ, ọmọ yín ni."

Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níjokòó mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Bàbá bàbá mi jẹ́ ọdẹ. Wọn kì í fún èèyàn lọ́mọ ajá láìsọ ìwà ìyá rẹ̀ fún un, àti ti bàbá rẹ̀ tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n.

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn bàbá wa kan ní kí a fi májèlé sínú ẹran, kí gbogbo ajá tó ń rìn kiri lọ́jà kú. Ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ọmọ wa ló ń bà yín. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ajá yẹn ló ní ilé, à ń dá wọn mọ̀. Májèlé ò mọ èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ yàtọ̀, kò sì mọ ọmọ tó máa he ẹran nílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 èèyàn tí dìgbòlugi mú, ajá ló kó o ran 99. Wọ́n tún sọ pé tí 70 nínú 100 ajá bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà ò ní rọ́nà gbà mọ́. Tó bá sì ti hàn lára èèyàn, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí, kò sí oògùn.

Ẹnì kan bi mí bóyá a ò lè kó ajá tiwa náà sí bààlúù lọ bá wọn ní Houston. Àwàdà ni, àmọ́ màá dáhùn. Amẹ́ríkà ka orílẹ̀-èdè wa mọ́ ibi tí dìgbòlugi ajá pọ̀ sí. Láti August 2024, ajá tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tó oṣù mẹ́fà, kó ní nọ́ńbà lábẹ́ awọ, ìwé abẹ́rẹ́ tiwa sì tún le ju ti àwọn mìíràn lọ. Nítorí náà, àwa àti àwọn ìlú tó yí wa ká la jọ ni ín.

A ò ní kọ́lé, kò sówó. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ wa ti bá ti ìlú méjì tó pààlà pẹ̀lú wa sọ̀rọ̀, ìwé kan náà la jọ fẹ́ máa lò. Ẹni tí kò bá lè bọ́ ajá rẹ̀ mọ́, kó má jù ú sọ́jà. Kó wá kọ ọ́ sílẹ̀, a máa wá ẹni tó fẹ́ ẹ ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ajá ò sì ní kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láì gba abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa lókè òkun, abẹ́rẹ́ náà la fẹ́ kí ẹ bá wa rà, kì í ṣe ajá. A fẹ́ gún gbogbo ajá ìlú ní 28 September, ọjọ́ tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ dìgbòlugi. A nílò fíríìjì tí iná rẹ̀ ò ní máa lọ, torí abẹ́rẹ́ tó bá gbóná ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ní sólà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí mi lẹ́yìn ìpàdé.

Ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka ọ̀dọ́. Mo ti kọ Bíńgò sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó ti padà sílé wa, okùn wà lọ́rùn ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ó ti bu èèyàn jẹ rí, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì.

Mo ṣetán láti gba ìbéèrè.