Bí Wọ́n Bá Kọ̀ Láti San Owó Ìrànwọ́ Ọmọ Yín

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ ní ìpàdé ìdílé

Mo kí ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ wà níjòókòó, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ tún ń sáré tẹ̀lé ọmọ kiri inú gbọ̀ngàn. Bí ọmọ bá ké, ẹ jẹ́ kó ké. Nítorí tirẹ̀ la ṣe pe ìpàdé yìí.

Lẹ́tà kan ti wọ ilé ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí, nínú àpòòwé aláwọ̀ búráùn. Ọ̀dọ̀ DWP ló ti wá, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó owó ìrànwọ́. Wọ́n ní àwọn ti ka fọ́ọ̀mù tí ẹ fi béèrè Disability Living Allowance, tí gbogbo wa ń pè ní DLA, fún ọmọ yín, àwọn sì ti pinnu pé kò tọ́ sí i. Tàbí kẹ̀, wọ́n fún un ní ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá, nígbà tí ẹ̀yin tí ẹ ń bá a ṣọ́ òru mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyá á ka lẹ́tà náà, á ká a, á ní Ọlọ́run ni olùpèsè, á sì gbé e sórí fíríìjì. Ó di oṣù mẹ́ta kó tó tún rí i.

Ọlọ́run ni olùpèsè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé Númérì, orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Bàbá àwọn ọmọbìnrin Selofehadi márùn-ún kú, kò bí ọmọkùnrin, òfin ìgbà náà kò sì ní ìpín kankan fún wọn. Wọn kò sunkún padà sínú àgọ́ wọn. Wọ́n lọ dúró níwájú Mósè, níwájú àlùfáà Eleasari, níwájú àwọn ìjòyè àti gbogbo ìjọ, wọ́n sì ro ẹjọ́ wọn. Mósè kò bínú, kò ní wọ́n ya aláìgbọràn. Ó gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ síwájú Olúwa, Olúwa sì fọwọ́ sí i pé òtítọ́ ni wọ́n ń sọ. Ìpinnu yí padà, òfin pàápàá yí padà. Ẹni tó bá ń rò pé àìmoore ni láti bá ìjọba ìlú tó gbà wá lálejò fa ọ̀rọ̀, kó lọ fara balẹ̀ ka orí náà. Owó tí òfin là sílẹ̀ fún ọmọ yín kì í ṣe sàárà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí DLA jẹ́ ní ṣókí, nítorí a ò lè ro ẹjọ́ ohun tí a ò mọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ló wà fún, ní England àti Wales. Ní Scotland, ètò mìíràn ni wọ́n ti ń lò fún àwọn ọmọdé láti 2021, ọ̀nà ìpẹ̀jọ́ tiwọn sì yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Glasgow, ẹ má fi tibí júwe fún wọn. DLA kì í wo iye tí òbí ń gbà níbi iṣẹ́. Kò sì di dandan kí dókítà ti sọ orúkọ àìsàn náà kí ẹ tó béèrè. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọmọ yìí nílò ìtọ́jú tàbí ìṣọ́ tó ju ti ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ púpọ̀, bóyá ó ti rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, àti bóyá yóò tún rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà sí i. Ó ní apá ìtọ́jú, tó jẹ́ ìpele mẹ́ta, ó sì ní apá ìrìn, tó jẹ́ ìpele méjì. Ní ọdún ìṣúná tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2025, ìpele òkè pátápátá nínú apá ìtọ́jú jẹ́ £110.40 lọ́sẹ̀, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ £29.20. Ẹ wo bí àárín wọn ti jìnnà tó. Bí ọmọ bá sì gba ìpele àárín tàbí ti òkè fún ìtọ́jú, òbí tó ń fi ó kéré tán wákàtí 35 lọ́sẹ̀ tọ́jú rẹ̀ lè béèrè Carer's Allowance, bí àwọn òfin rẹ̀ tó kù bá bá a mu. Ìdílé tí ọmọ inú rẹ̀ ń gba DLA sì bọ́ lọ́wọ́ òdiwọ̀n tí ìjọba fi dé àpapọ̀ owó ìrànwọ́.

Ó yá, lẹ́tà dé, wọ́n kọ̀. Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n kọ sókè rẹ̀. Oṣù kan láti ọjọ́ yẹn lẹ ní láti sọ pé ẹ ò gbà. Kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ ṣí i o. Ilé-ẹjọ́ kọ́ lẹ kọ́kọ́ ń lọ. Láti October 2013, òfin ní kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún DWP fúnra rẹ̀ pé kó tún ìpinnu náà wò. Mandatory reconsideration ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè fi fóònù béèrè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n láago, ẹ tún fi lẹ́tà tì í lẹ́yìn, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí oṣù kan bá ti kọjá nítorí pé ọmọ wà ní ọsibítù tàbí ẹ̀yin fúnra yín ṣàìsàn, ẹ ṣì lè béèrè títí di oṣù 13, kí ẹ ṣáà sọ ohun tó fa ìdádúró. Wọ́n lè gbà, wọ́n sì lè kọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró lé jù rèé: ohun tí a kọ sínú fọ́ọ̀mù. Àwa ènìyàn ìgbàgbọ́ ní ìṣòro kan pẹ̀lú fọ́ọ̀mù yìí. Wọ́n ti kọ́ wa pé agbára wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, nítorí náà ẹ̀rù ń ba ìyá láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ọmọ òun kò lè ṣe nǹkan báyìí-báyìí. Fọ́ọ̀mù béèrè pé ṣé ọmọ lè wọ aṣọ fúnra rẹ̀, ìyá kọ ọ́ pé, "Ó ń gbìyànjú, a dúpẹ́." Mo rántí tọkọtaya kan tí mo jókòó tì kọ tiwọn. Mo bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń dìde sí i lóru. Bàbá ní, "Kò burú púpọ̀." Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ ń sùn."

Nígbà tí Jésù bi Bartimeu afọ́jú léèrè ohun tó fẹ́, Bartimeu kò sọ pé òun ti ń ríran nípa ìgbàgbọ́. Ohun tó ń dà á láàmú gan-an ló sọ. Fọ́ọ̀mù DLA kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ lórí ọmọ yín. Ẹ̀rí ni, ẹni tó bá sì ń jẹ́rìí, ohun tó rí ni kó sọ. Bí Ọlọ́run bá wo ọmọ náà sàn lọ́la, ẹ ó kọ̀wé sí DWP pé nǹkan ti yí padà, gbogbo wa á sì jó wọ inú ìsìn lọ́jọ́ náà. Mi ò ní kí ẹ fi kún un o. Irọ́ ni irọ́ ń jẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni níwájú Ọlọ́run, ọ̀ràn sì ni lábẹ́ òfin. Mo ní kí ẹ má bu ú kù ni.

Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ tó ní sickle cell, tí àwọn àgbà wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, lè máa bá bọ́ọ̀lù kiri lọ́jọ́ Sátidé, kó má sì lè gbé ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè. Bí ẹ bá kọ ti Sátidé nìkan, ti Sátidé nìkan ni wọ́n máa kà. Ẹ sọ iye ọjọ́ tó ń burú nínú oṣù, àti ohun tí ẹ ń ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ọjọ́ orí wé e pẹ̀lú. Gbogbo ọmọ ọdún méjì ni a ń di lọ́wọ́ mú lójú títì. Bí ti ọdún mẹ́sàn-án bá ní autism, tí ẹ kò lè tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà sáré sẹ́nu mọ́tò, ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni òfin ń béèrè. Ní ti òru, ohun tí wọ́n sábà ń wò ni bóyá ẹ ń dìde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí bóyá ẹ̀ẹ̀kan náà ń gbà yín tó ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fi ìwé kékeré kan sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa kọ aago sílẹ̀. Ìwé kékeré yẹn níye lórí ju lẹ́tà gígùn tó ń bẹ̀bẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tí àwa Yorùbá máa ń gbàgbé. Nínú ilé wa, ìtọ́jú ọmọ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Màmá àgbà wá láti Ìbàdàn, òun ló ń wẹ ọmọ láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fún un lóúnjẹ. Nítorí pé kò ni ìyá lára, ìyá kò kọ ọ́. Ẹ kọ iṣẹ́ Màmá àgbà sílẹ̀! Ohun tí ọmọ nílò ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Bákan náà ni ti ilé ẹ̀kọ́. Tíṣà lè kọ̀wé pé ara ọmọ ti mọlé, kó má sì mẹ́nu ba àgbàlagbà tó ń jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ padà lọ bá wọn pé kí wọ́n kọ ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń ṣe fún un.

Bí DWP bá tún un wò tí wọ́n ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, àwọn kan náà ni. Ibẹ̀ ló ti máa ń rẹ ọ̀pọ̀ òbí, ibẹ̀ gan-an ni kò sì yẹ kó ti rẹ̀ yín. Lẹ́tà kejì, Mandatory Reconsideration Notice, ló ń ṣí ọ̀nà ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún yín. Oṣù kan mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fọ́ọ̀mù SSCS1 lẹ máa kọ, tàbí kẹ́ ẹ ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì; kọ́bọ̀ wọn kì í gbà. Ẹni mẹ́ta ló ń jókòó ní tribunal náà: adájọ́ kan, dókítà kan, àti ẹni tó mọ bí ìgbésí ayé aláàbọ̀ ara ṣe ń rí. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ DWP. Pọ́ọ̀lù rí i pé àwọn tó wà níwájú òun kò ní dá ẹjọ́ náà bó ti yẹ, ó gbé e kọjá lọ sọ́dọ̀ Késárì; ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ó sì lò ó.

Wọn yóò bi yín bóyá ìwé nìkan ni kí wọ́n fi dá a, tàbí ẹ fẹ́ yọjú. Ìmọ̀ràn tèmi ni kí ẹ yọjú, ìbáà jẹ́ lórí fóònù. Ìwé kì í dáhùn ìbéèrè, ìyá ń dáhùn. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ ti ń já gaara lẹ́nu yín, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ẹ fẹ́ ògbufọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n ọmọ láti túmọ̀ ohun tí kò yẹ kó gbọ́. Kí ẹ sì mọ̀ pé bí ọmọ ṣe wà lọ́jọ́ tí DWP ṣe ìpinnu ni wọ́n máa wò. Bí ara rẹ̀ bá ti burú sí i lẹ́yìn ọjọ́ náà, ọ̀tọ̀ lẹ máa sọ èyí fún DWP.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún ọmọ yín ní nǹkan kan, tí ẹ wá ń pe ẹjọ́ nítorí pé ó kéré, tribunal lágbára láti fi kún un, ó sì lágbára láti dín in kù. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí agbaninímọ̀ràn wo ìwé yín ná, ní Citizens Advice, ní law centre, tàbí lọ́dọ̀ Contact, ẹgbẹ́ tó ń ran ìdílé àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara lọ́wọ́.

Orúkọ ọmọ kan wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ yìí títí dòní, Cameron Mathieson. Ó ní cystic fibrosis, ó tún ní àìsàn Duchenne tó ń jẹ iṣan ara. Ní 2010, wọ́n gbà á sí ọsibítù Alder Hey ní Liverpool, ó sì lo ju ọdún kan lọ níbẹ̀. Òfin ìgbà náà ni pé bí ọmọdé bá ti lo ọjọ́ 84 ní ọsibítù, kí wọ́n dá DLA rẹ̀ dúró, bí ẹni pé nọ́ọ̀sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òbí. Bẹ́ẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ pe ẹjọ́. Tribunal àkọ́kọ́ dá a nù, ti òkè dá a nù, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tún dá a nù ní 2014. Cameron ti kú ní October 2012, ọmọ ọdún márùn-ún. Bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹjọ́ náà kú. Ní July 2015, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ yìí sọ pé dídá owó Cameron dúró tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú. Nígbà tó di June 2016, ìjọba mú òfin ọjọ́ 84 náà kúrò lórí àwọn ọmọdé. Bí ọmọ yín bá pẹ́ ní ọsibítù lónìí tí DLA rẹ̀ kò dúró, bàbá yẹn ló jà á.

Ó ku ẹ̀yin tí wọ́n kọ "no recourse to public funds" sórí ìwé ìgbélùú yín. DLA wà lára owó tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ. Pé wọ́n bí ọmọ sí ìlú yìí kò túmọ̀ sí pé ọmọ ìlú ni, bẹ́ẹ̀ ni ti ọmọ tó ní páásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò ní. Kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan, ẹ rí agbaninímọ̀ràn nípa ìwé ìgbélùú tí òfin gbà láyè, kì í ṣe ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù fúnni ní ṣọ́ọ̀bù fóònù.

Tábìlì wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ mú lẹ́tà yín wá, gbogbo ojú ewé rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ́kọ́ kọ. Bí ẹ̀dà kò bá sí lọ́wọ́ yín, a óò béèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ DWP. Ẹni tí oṣù kan rẹ̀ bá ku ọ̀sẹ̀ kan péré, kó kọ́kọ́ wá jókòó.