Ọ̀RỌ̀ AKỌ̀WÉ LÓRÍ HÓLÍDÈ ÀWỌN ỌMỌ WA

 Tí hólídè gígùn bá ti dé, àtẹ la máa ń gbé lé ọmọ lórí, á máa kiri láàárín mọ́tò. Bẹ́ẹ̀, ní Bàrígà wa níbí ni wọ́n ti dá Footprints of David sílẹ̀ ní 2005, tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé ní ijó àti iṣẹ́ ọnà. Ẹlòmíì á ní, "Kọ́mọ máa na ara, kó máa ya àwòrán, ṣé ìyẹn ló máa jẹ?" Ẹ gbọ́ ná. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀ ni Twins Seven-Seven àti Múráínà Oyèlámì nígbà tí Georgina Beier ń kọ́ wọn ní àwòrán yíyà l'Óṣogbo ní 1964. Àwòrán wọn dé òkè òkun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwọn ọmọ ní wákàtí méjì lójúmọ́. Àwa tí ìsọ̀ wa jọ wà nítòsí á máa bára wa ṣọ́jà.