Gìgísẹ̀ Tó Ń Dunni àti Ẹ̀rọ Tó Ń Lu Ẹsẹ̀

  Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ẹ wo ìyá kan tó ń din àkàrà ní ọjà. Láti ìdájí ló ti wà lórí ìdúró. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ló dúró lé. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, ó ti fẹ́lẹ́ bí ewé. Ní alẹ́, ó sùn. Nígbà tó jí, tó ní kí òun fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó tẹ ìṣó mọ́lẹ̀. Gìgísẹ̀ ló ń dùn ún. Ó tiro dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó rìn díẹ̀, ìrora náà dínkù. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó pẹ́, tó sì dìde, ìrora náà á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ ìrora yìí. Àwọn kan ń sọ pé oògùn ni àwọn tẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè fi ẹ̀sùn kan ará ilé yín. Ohun tó ń fa ìrora yìí wà nínú ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀.

Iṣan kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó nípọn, ó sì le. Ó bẹ̀rẹ̀ láti egungun gìgísẹ̀, ó sì lọ dé ìdí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọdẹ mọ ọṣán tó wà lára ọrun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣan yìí rí. Òun ló gbé àárín ẹsẹ̀ ró. Bí a bá ń dúró jù, bí a bá sanra jù, bí a bá ń fi bàtà pẹlẹbẹ rìn lórí ilẹ̀ líle, tàbí bí a bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí rin ọ̀nà jíjìn tí kò mọ́ wa lára, iṣan náà á máa bó díẹ̀díẹ̀ níbi tó ti lẹ̀ mọ́ egungun. Nígbà tí a bá sùn, ó máa ń sún kì. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ á wá nà án lójijì. Ìdí nìyí tí òwúrọ̀ fi burú jù.

Bí dókítà bá ya fọ́tò egungun ẹsẹ̀, ó lè rí egungun kékeré kan tó yọ ṣóńṣó bí ẹ̀gún. Ẹ má jáyà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní irú rẹ̀ tí gìgísẹ̀ kò sì dùn wọ́n rárá.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lórí ẹní tàbí ibùsùn, ẹ jókòó. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń dunni lé orí itan kejì. Ẹ fi ọwọ́ fa àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá sí apá ojúgun. Ẹ ó rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ nà gbọnrangandan. Ẹ ka 1 dé 10, kí ẹ tó fi sílẹ̀. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ dúró kọjú sí ògiri, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Kí ẹsẹ̀ tó ń dunni wà lẹ́yìn, kí orúnkún rẹ̀ nà, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun yín á nà. Bí ẹran yìí bá le, òun náà ń fa gìgísẹ̀.

Ẹ wá bàtà tí ìdí rẹ̀ nípọn, tó sì rọ̀. Ẹni tó ń dúró tajà, kí ó wá àpótí jókòó lé nígbà tí kò bá sí oníbàárà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá ń ṣe èyí ni ara wọn ń yá kí ọdún kan tó pé. Ó ń fẹ́ sùúrù, mo mọ̀. Ìyá alákàrà kò lè pa ọjà tì fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò lè fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ní òwúrọ̀.

Bí oṣù 6 bá kọjá, tí a ti ṣe gbogbo èyí, tí ìrora kò sì lọ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ti wọlé. Àwọn dókítà tó ń sọ Faransé ń pè é ní « ondes de choc ».

Ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ní oṣù kejì ọdún 1980, ní ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn dókítà fi irú ẹ̀rọ yìí fọ́ òkúta inú kíndìnrín aláìsàn kan láì fi ọ̀bẹ là á. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò ó fún egungun àti iṣan. Ní ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún gìgísẹ̀ tó ń dunni.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró nítòsí ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ pé bí ìlù bá dún gidi, àyà ènìyàn á máa gbọ̀n. Ìró náà ti wọ inú ara, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn wá. Ẹ̀rọ yìí ń ran ìró tó lágbára sínú gìgísẹ̀. Kì í ṣe iná mànàmáná ni wọ́n ń fi sára. Wọn kì í gún abẹ́rẹ́, wọn kì í sì í la ẹsẹ̀. Dókítà á fi ohun tó ń yọ̀ pa gìgísẹ̀, á sì gbé orí ẹ̀rọ lé e. Ẹ̀rọ á máa lù ú kì, kì, kì, bí ìgbà 2000, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó máa ń dunni nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Ẹsẹ̀ lè pọ́n tàbí kí ó wú díẹ̀. Wọ́n sábà máa ń ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí ọ̀sẹ̀ kan wà láàárín.

Ṣé ó ń wo gbogbo ènìyàn sàn? Rárá o. Ní ọdún 2002, àwọn oníwàádìí ní ilẹ̀ Ọsirélíà pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n lu ẹsẹ̀ àwọn kan dáadáa. Wọ́n rọra lu ti àwọn yòókù, lọ́nà tí kò lè ṣe nǹkan kan. Ara àwọn méjèèjì dẹ̀ díẹ̀, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Àwọn ìwádìí mìíràn rí i pé ẹ̀rọ náà ṣe ìrànwọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé dandan ni kí ó wò yín sàn, owó ló ń wá. Kí ẹ tó ta ewúrẹ́ láti san owó rẹ̀, ẹ béèrè iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́, kì í ṣe ti ọjọ́ kan péré.

Aláboyún kò gbọdọ̀ gbà á. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò gbọdọ̀ gbà á láì sọ fún dókítà. Ọmọ tí egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà, àti ẹni tó ní egbò tàbí kókó jẹjẹrẹ níbẹ̀, kí wọ́n má gbé ẹ̀rọ dé ibẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó ń dunni ni ti iṣan. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá kú tipiri, tàbí tó ń ta bí iná, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó gbóná, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun sì ń dunni, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú rẹ̀. Egbò tí kò jiná, ibà pẹ̀lú ìrora ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò lè gbé ara lẹ́yìn tí ènìyàn ṣubú: ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ ní ọjọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ tí kò mọ́ sín gbẹ́rẹ́ sí gìgísẹ̀ yín. Ibẹ̀ ni àrùn ipá ń gbà wọlé.

Ẹni tó bá sì gba ìtọ́jú ẹ̀rọ náà, kí ó má retí pé òun á fò ní ọjọ́ kejì. Kí ó sinmi ẹrù wúwo fún ọjọ́ bíi 2, kí ó máa na ẹsẹ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ bí a ti wí. Ó tó bí oṣù 3 kí a tó mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.