Kí Kíndìnrín Má Baà Bàjẹ́ Nígbà Tí A Bá Ń Tún Ọkàn Ṣe



Ọ̀rọ̀ wa lónìí jẹ mọ́ iṣẹ́ abẹ ọkàn. Láti ọdún 1974 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí ọkàn ènìyàn tún un ṣe ní orílẹ̀-èdè wa, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Enugu, kì í ṣe òkè òkun nìkan ni a ti ń gbọ́ irú iṣẹ́ yìí mọ́. Ọmọ tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn, tí a kò tọ́jú rẹ̀ dáadáa, lè ní àrùn tí í ba àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn jẹ́, kí ó sì di pé wọ́n ní láti la àyà rẹ̀ bí ó bá dàgbà. Ti ẹlòmíràn, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ ni ó dí.

Bí ará ilé ẹni bá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ọkàn nìkan ni a máa ń gbàdúrà fún. Ṣùgbọ́n ewu lè ti ara kíndìnrín yọ. Nínú 100 ènìyàn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún, bíi 20 sí 30 ni kíndìnrín wọn máa ń fara pa. Ti ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sàn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń nílò ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ikú súnmọ́ irú wọn ju àwọn yòókù lọ.

Kí ló ń fà á? Kíndìnrín ni asẹ́ ara. Bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wo ọgbà ẹ̀fọ́ etí odò: bí omi tí ẹ̀rọ ń fà bá dínkù, ewébẹ̀ ìpẹ̀kun ọgbà ni yóò kọ́kọ́ rọ. Nígbà iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rọ ni ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Bí aláìsàn bá pẹ́ lórí ẹ̀rọ náà, tàbí tí agbára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, kíndìnrín lè máà rí ẹ̀jẹ̀ tó.

Àwọn wo ni ewu yìí wà fún jù? Àgbàlagbà, alátọ̀gbẹ, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, àti pàápàá ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì sì léwu ju èyí tí a dá ọjọ́ sí lọ. Nítorí náà, bí dókítà bá ní kí a wá, kí a má ṣe sọ pé ó di ìgbà tí ìkórè bá parí.

A kò lè dá ọjọ́ orí padà, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà lọ́wọ́ wa.

Èkíní ni oògùn. Oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac, tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé mì lẹ́yìn ebè kíkọ, lè dín ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí kíndìnrín kù. Abẹ́rẹ́ gentamicin lè pa á lára, àwọn àgbo kan náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kó gbogbo ohun tí aláìsàn ń lò sínú àpò kan, kí ẹ gbé e dé iwájú dókítà. Kí a má ṣe tijú nítorí àgbo. Kí a má sì ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ dúró fúnra wa.

Èkejì, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ yẹ kíndìnrín wò. Bí wọ́n bá ti gún un ní abẹ́rẹ́ tí ń jẹ́ kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ hàn nínú àwòrán, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n gún un. Bí kò bá sí ìkánjú, dókítà lè fẹ́ kí kíndìnrín sinmi ná.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa ṣọ́ ìtọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀n ọ́n, nítorí náà kí olùtọ́jú aláìsàn má ṣe dà á nù. Bí ẹ bá ti dé ilé, tí ìtọ̀ dínkù, tí ojú tàbí ẹsẹ̀ ń wú, tàbí tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru kò dáwọ́ dúró, ẹ tètè padà sí ilé ìwòsàn. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọjọ́ tí wọ́n dá, bí ara tilẹ̀ ti yá. Kíndìnrín tí ó ti fara pa rí lè máa bàjẹ́ lọ láìsí ìrora kankan.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Bí a ti ń bẹ̀rù nítorí ọkàn, ẹ jẹ́ kí a máa wo kíndìnrín pẹ̀lú.