Ojú Ọjà Akẹ̀sán, Láti Ẹ̀ẹ̀rùn Dé Ọyẹ́

 

Ẹ jẹ́ ká jọ fi ọ̀rọ̀ rìn yí ojú ọjà wa ká láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Iwájú ààfin Aláàfin ni Akẹ̀sán wà. Ẹni tó dé Ọ̀yọ́ tí kò dé ibẹ̀, kò tíì dé Ọ̀yọ́.

Nígbà máńgòrò, oòrùn a máa ta wá. Kálukú á ta tapólì, á sún àtẹ síwájú díẹ̀. Tí òjò bá dé, tí àgbàdo tutù kún ilẹ̀, èèpo àti ọ̀rá á di gọ́tà, omi á wọ ṣọ́ọ̀bù ẹni tí kò ṣẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, iṣu tuntun dé, ọdún Ṣàngó náà dé. UNESCO ti kọ orúkọ ọdún yẹn sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé ní 2023. Àlejò tí kò bá ríbi fẹsẹ̀ lé, ṣé yóò dúró rajà?

Ti ọyẹ́ ló wá burú jù. Ẹ rántí 5 January 2020, ọjọ́ Àìkú. A dé ọjà, eérú la bá. Ìjọba ti tún ọjà kọ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n owó tó jóná ò padà.

Ìgbà yàtọ̀ síra, ọ̀rọ̀ kan náà ni: àyè. Àyè tá a bá fi sílẹ̀ ni omi ń gbà lójò, ni oníbàárà ń gbà lọ́dún, ni ọkọ̀ panápaná máa gbà lọ́yẹ̀ẹ́.

Àwa ìgbìmọ̀ náà jẹ̀bi. A ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó pàtẹ sójú ọ̀nà, a ò sì sọ̀rọ̀. A ti jáwọ́ ńbẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Nítorí náà, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa àtẹ yín sẹ́yìn gọ́tà. Ẹ gbá iwájú ìsọ̀ yín. Ẹ pa iná kí ẹ tó tilẹ̀kùn.

Ọjà wa ò ní jó mọ́ o. Àṣẹ.