Bí Wọ́n Bá Pe Ọmọ Wa Láti Kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Gàbọ̀n

 

Àwọn ọmọ wa tó kàwé Gẹ̀ẹ́sì ń bi mí pé: "Bàbá, wọ́n ní ká wá ṣe tíṣà ní Gàbọ̀n. Ká lọ, àbí ká má lọ?" Oṣù kẹfà 2022 ni Gàbọ̀n àti Tógò wọ ẹgbẹ́ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Kò yani lẹ́nu bí wọ́n bá ń wá tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Nílé níbí ńkọ́? Ẹni tí wọ́n gbà ní asipírà kò tíì di òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí 1978. Àwọn sójà tí wọ́n fowó háyà ti kọlu Kútọnu ní oṣù kìíní 1977, ọ̀rọ̀ wá di ìjà láàárín Kérékou àti Bongo. Ni Gàbọ̀n bá lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Bẹ̀nẹ̀ jáde. Àwọn wo ló jà? Àwọn wo ló di ẹrù?

Èmi ò ní kí wọ́n má lọ o. Ìwé àdéhùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ta ló fọwọ́ sí i, ìjọba ni àbí aládàáni? Ta ló máa ṣe ìwé ìgbélùú? Ta ló máa sanwó ìpadàbọ̀? Ohun tí kò sí nínú dosíè, kò sí náà nìyẹn. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló kọ́ mi. Ẹni tó bá sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó kí iṣẹ́ tó dé, kí wọ́n sá fún un.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá ń lọ fi ẹ̀dà ìwé àdéhùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa.